Kí Ló Dé Tí Mi Ò Lè Ka Ìtàn Tí Ẹ Kọ Nípa Ẹ̀dá Inú Ìwé Mi?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi. Ó ní òun ti kọ ojú ìwé 40 nípa atukọ̀ kan tó wà nínú ìwé mi kejì, ọkùnrin kan tí kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ kó tó gbé akọni ìtàn náà dé òdìkejì odò. Ó ti fún ọkùnrin náà lórúkọ. Ó ti fún un ní ìyá, ó sì ti ṣàlàyé ìdí tí kì í fi í wo ojú àwọn tó ń gbé sọdá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á, kí ẹ sọ fún mi bóyá bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe rò ó." Mo dá a lóhùn pé inú mi dùn gan-an, àti pé mi ò lè kà á. Èsì tó fún mi ṣe ṣókí: "Ṣé ẹ kórìíra ká máa kọ nípa ìwé yín ni?"

Rárá o. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìdáhùn mi láìgbọ́ àlàyé yóò rò pé mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún gba àlejò, mo ń fi tòsì tì í síta. Kì í sì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí rú lójú. Àwọn kan gbà pé òfin de irú ìtàn bẹ́ẹ̀ pátápátá, pé àánú òǹkọ̀wé ló jẹ́ kó ṣì wà. Àwọn mìíràn gbà pé níwọ̀n ìgbà téèyàn ò bá ti tà á, kò sẹ́ni tó lè bi í ní nǹkan kan. Àwa òǹkọ̀wé náà ń dá kún ìrújú yìí, torí òmíràn nínú wa ń yọ̀ sí i, òmíràn ń bínú, òmíràn á ní kí ẹ máa kọ ọ́ àmọ́ òun ò fẹ́ fojú rí i. Ohun tí òfin sọ, ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́, àti ohun tí òǹkọ̀wé lè kà láìkó ara rẹ̀ sí wàhálà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń pa wọ́n pọ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fanfiction ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Òǹkàwé tó fẹ́ràn ìwé kan, tàbí fíìmù kan, á mú àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, á fi wọ́n kọ ìtàn tirẹ̀, á sì fún àwọn olólùfẹ́ ìwé náà kà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò jọ ti ẹni tó ń jí ìwé tẹ̀, torí ìyẹn ń ta ọ̀rọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Kò sì jọ ti ẹni tó gba iṣẹ́ oníṣẹ́ tó pè é ní tirẹ̀, nítorí gbogbo adùn fanfiction ni pé òǹkàwé ti mọ ẹ̀dá náà látilẹ̀, ó mọ ilé tó ti wá. Òmíràn á bá ìtàn náà lọ láti ibi tí òǹkọ̀wé ti dúró. Òmíràn á wọ àárín orí kẹsàn-án àti ìkẹwàá, níbi tí mo ti fo oṣù mẹ́ta kọjá, á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù mẹ́ta náà. Òmíràn á jí ẹni tí mo pa.

Àwa tí à ń kọ ìtàn abàmì, ìtàn idán àti ìjọba tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé yìí, fojú rí i gan-an, ọwọ́ ara wa la sì fi ṣí ilẹ̀kùn ọ̀hún. Ayé tí a máa ń dá tóbi ju ìtàn tí a ń sọ nínú rẹ̀ lọ. Bí kò bá tóbi jù ú lọ, òǹkàwé ò ní gbà á gbọ́. Mo ya àwòrán ilẹ̀ síwájú ìwé mi. Ìlú 24 ló wà lórí rẹ̀, akọni mi ò dé ju mẹ́fà lọ. Mo sọ̀rọ̀ nípa ogun kan tí wọ́n jà ní 100 ọdún kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, mo dárúkọ olórí ogun méjì tó kú síbẹ̀, mo sì kọjá lọ. Kí la fẹ́ kí òǹkàwé tó fẹ́ràn ibẹ̀ fi ìlú 18 tó kù ṣe? Ó ti sùn, ó ti jí nínú ilẹ̀ yẹn. Ó fẹ́ rìn dé ibi tí èmi ò mú un dé. Tí kò bá wù ú láti rìn dé ibẹ̀, èmi ni iṣẹ́ mi kùnà.

Àwọn kan rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bí gbogbo èyí. Wọn ò tíì gbọ́ ti Cervantes. Ní 1605, ó gbé apá kìíní ìtàn Don Quixote jáde ní Sípéènì, ó sì fi ìparí rẹ̀ sílẹ̀ bíi pé ìrìn àjò mìíràn ṣì wà níwájú, sí ìlú Zaragoza. Ọdún gorí ọdún, apá kejì ò jáde. Nígbà tó di 1614, ẹnì kan tó fi orúkọ Avellaneda bojú gbé apá kejì tirẹ̀ jáde, ó sì tún bú Cervantes nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Cervantes fi kálámù jà. Nínú apá kejì gidi tó jáde ní 1615, Don Quixote gbọ́ pé ìwé ayédèrú ti mú òun lọ sí Zaragoza, ló bá ní òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ìlú náà mọ́ láé, ó sì gba Barcelona lọ. Cervantes tún mú ẹ̀dá kan jáde látinú ìwé Avellaneda, ó jẹ́ kó pàdé Don Quixote gidi, kó sì jẹ́rìí níwájú aláṣẹ ìlú pé òun ò rí ọkùnrin yìí rí. Níkẹyìn, ó pa akọni rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má baà tún gbé e dìde ni.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí torí ohun méjì ló wà nínú rẹ̀. Ìbínú òǹkọ̀wé tí wọ́n mú ẹ̀dá rẹ̀ lọ sí ibi tí kò rán an wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Cervantes náà mú ẹ̀dá ẹlẹ́dàá, ó fi ṣe ohun tó wù ú, apá tó sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ wà lára ibi tó dùn jù nínú ìwé náà.

Ti Arthur Conan Doyle yàtọ̀. Ó ti pa Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn rẹ̀, fúnra rẹ̀ nínú ìtàn tó jáde ní 1893, ó ti sú u. Nígbà tí William Gillette, òṣèré ará Amẹ́ríkà, ń kọ eré orí ìtàgé nípa Holmes, ó fi wáyà béèrè bóyá òun lè jẹ́ kí ọkùnrin náà gbéyàwó. Èsì Doyle ni pé kó jẹ́ kó gbéyàwó, kó pa á, kó fi ṣe ohun tó bá fẹ́. Eré náà bẹ̀rẹ̀ ní 1899. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí dòní: inú iṣẹ́ kan náà, ẹnì kan ń fi ẹ̀dá rẹ̀ pamọ́, ẹnì kejì ń na ọwọ́ rẹ̀ síni.

Ti ìgbà tiwa kò gba àlàyé púpọ̀. Ọdún 1967 ni àwọn olólùfẹ́ eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek tẹ ìwé kékeré tí wọ́n pè ní Spockanalia, ìtàn tí àwọn fúnra wọn kọ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń pín irú rẹ̀ láàárín ara wọn. Ìkànnì FanFiction.Net bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Ní 2007 àwọn olólùfẹ́ ìtàn dá ẹgbẹ́ Organization for Transformative Works sílẹ̀, ẹgbẹ́ yìí sì ṣí Archive of Our Own, ìkànnì tí wọ́n ń kó fanfiction sí, tí gbogbo wọn ń pè ní AO3, ní 2009. AO3 kì í gba owó ìpolówó ọjà, owó tí àwọn tó ń lò ó bá dá ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní 2019 wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Hugo, èyí tí àwọn tó fẹ́ràn ìtàn abàmì àti ìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń dìbò fún. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn bíi pé èmi ni wọ́n fún.

Ó wá kan òfin, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ́jú pọ̀. Ẹ̀tọ́ àdàkọ ni òfin tó sọ pé ohun tí mo bá kọ, èmi ni mo ni í, àti pé ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ láìgbàṣẹ. Àdéhùn Berne ti 1886, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tọwọ́ bọ̀, ní kí ẹ̀tọ́ yìí wà fún 50 ọdún, ó kéré tán, lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, 70 ọdún ni. Lẹ́yìn náà, ìwé náà di ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni lè fi ṣe ohun tó fẹ́, ó sì lè tà á. Kí àkókò yẹn tó pé, ẹ̀tọ́ mi ò mọ sórí gbólóhùn tí mo kọ nìkan. Òfin Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, fún mi ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ tuntun tí wọ́n bá fà yọ látinú tèmi: ìtumọ̀ sí èdè mìíràn, fíìmù, ìwé tó bá ìtàn náà lọ.

Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní fanfiction ti rú òfin. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ṣí fèrèsé kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fair use. Adájọ́ á wo ìdí tẹ́ni náà fi lo iṣẹ́ oníṣẹ́, á wo irú iṣẹ́ tó jẹ́, á wo bí ohun tó mú níbẹ̀ ṣe pọ̀ tó, á sì wo bóyá ó ń ba ọjà oníṣẹ́ jẹ́. Ní 1994, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan nípa àwọn olórin tó fi orin ẹlòmíràn ṣe ẹ̀fẹ̀, ó sì jẹ́ kó yéni pé bí iṣẹ́ tuntun bá ṣe fún ti àtijọ́ ní ìtumọ̀ tuntun tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe máa múlẹ̀ tó níwájú adájọ́. Ìtàn ọ̀fẹ́ tó wo ayé mi láti ojú atukọ̀ tí èmi ò bìkítà fún ní ọ̀rọ̀ tó lágbára láti sọ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ṣáájú ìdájọ́, torí ìtàn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń gbé yẹ̀ wò, òfin orílẹ̀-èdè mìíràn sì lè yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní gbogbo rẹ̀ ló lòdì sófin ṣì í sọ, ẹni tó ní gbogbo rẹ̀ ló bófin mu náà ṣì í sọ.

Àṣìṣe kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwa òǹkọ̀wé pàápàá, ó sì ti fa ìjà tí kò yẹ kó wáyé. Wọ́n á ní: "Bí mi ò bá lé wọn, ẹ̀tọ́ mi á bọ́." Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì ìdánimọ̀ ọjà, irú orúkọ àti àwòrán tí ilé-iṣẹ́ ń lẹ̀ mọ́ ọjà rẹ̀, ni èèyàn lè pàdánù bó bá jẹ́ kí tajá-tẹran máa lò ó títí tí kò fi tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ náà mọ́. Ẹ̀tọ́ àdàkọ ò rí bẹ́ẹ̀. Mo lè gba 1,000 ènìyàn láàyè kí n sì lọ pe ẹnì kan tó ń ta ìwé lẹ́jọ́. Àwọn òǹkàwé náà ní àṣìṣe tiwọn: wọ́n á kọ ọ́ sókè ìtàn pé àwọn kọ́ ló ni àwọn ẹ̀dá yìí, wọ́n á sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Gbólóhùn yẹn ò yí òfin padà. Àpọ́nlé ni, mo sì mọyì rẹ̀.

Owó ló ń sọ ọ̀rọ̀ di ẹjọ́ lójú ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé. Òǹkọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà kọ ìwé tó bá The Lord of the Rings, ìtàn Tolkien, lọ, ó sì ń tà á láti 2022. Ní 2023, òun gan-an ló pe àwọn tó ń bójú tó ogún Tolkien àti Amazon lẹ́jọ́, ó ní wọ́n jí ìwé òun fi ṣe eré tẹlifíṣọ̀n wọn. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù: ìwé tí a fà yọ láìgbàṣẹ ò lè di ohun ìjà fún ẹni tó fà á yọ. Kí ọdún náà tó parí, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kó run gbogbo ẹ̀dà ìwé rẹ̀, kó má sì tà á mọ́. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ J. K. Rowling. Ó yin ìkànnì kan tí olólùfẹ́ ìwé rẹ̀ fi ń ṣàlàyé gbogbo orúkọ àti idán inú ayé Harry Potter lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ ohun kan náà ní ìwé tí wọ́n á máa tà, ó lọ sí kóòtù, ó sì jàre ní 2008. Wọ́n tún un kọ, ẹ̀dà tí wọ́n tún kọ sì jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà kan wà tí fanfiction fi lè di ìwé títà láìjà. Kí òǹkọ̀wé rẹ̀ yọ orúkọ, ìlú àti idán ẹlẹ́ni kúrò, kó sì fi tirẹ̀ rọ́pò títí tí ẹ̀dá náà yóò fi dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Fifty Shades of Grey ṣe jáde ní 2011, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fanfiction nípa ìwé Twilight. Ohun tó ń dùn mí ni ti àwọn tó ń di fanfiction ẹlòmíràn pọ̀ bí ìwé, tí wọ́n ń tà á láìsọ fún ẹni tó kọ ọ́. Ẹni yẹn kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ìfẹ́. Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, wọ́n sì tún fà á sójú lọ́yà.

Mo ń bọ̀ lórí atukọ̀ mi.

Marion Zimmer Bradley kọ ìtàn nípa ayé kan tó ń jẹ́ Darkover. Ó gba àwọn òǹkàwé rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ń ka ìtàn tí wọ́n kọ, ó sì ń tẹ àwọn kan nínú rẹ̀ jáde nínú àkójọ ìwé, láti 1980. Ní nǹkan bí 1992, ó rí i pé ìtàn kan tí olólùfẹ́ kọ kan ọ̀nà tí ìwé tóun náà ń kọ lọ́wọ́ fẹ́ gbà. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lórí owó àti lórí orúkọ, ọ̀rọ̀ náà wọ́, ẹnu wọn ò kò, apá méjèèjì sì ń sọ ọ́ lọ́nà ọ̀tọ̀ títí dòní. Ìwé náà ò jáde. Bradley sì ti ilẹ̀kùn tó ti ṣí sílẹ̀ fún àwọn òǹkàwé láti ọdún pípẹ́. Kò sí òǹkọ̀wé ìtàn abàmì tí wọn ò tíì fi ọ̀rọ̀ yìí kìlọ̀ fún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Òfin kì í dáàbò bo èrò lásán. Ẹnikẹ́ni lè kọ nípa atukọ̀ tí kì í wo ojú èèyàn. Ọ̀nà tí mo gbà kọ ọ́ ni tèmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ ní kóòtù pé mo jí iṣẹ́ òun gbọ́dọ̀ fi hàn pé mo rí iṣẹ́ náà, tàbí pé ọwọ́ mi lè tó o, àti pé tèmi jọ tirẹ̀ ju ohun tí à ń pè ní èèṣì lọ. Bí mi ò bá kà á, ó máa ṣòro fún un gan-an láti fi ohun àkọ́kọ́ nínú méjèèjì hàn. Bí mo bá kà á tí mo tún fèsì pé "ó dára gan-an", mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ẹ̀rí lé ara mi lórí. Mo lè jàre níkẹyìn, àmọ́ ọdún méjì àti owó lọ́yà á ti lọ.

Kì í sì í ṣe ẹ̀rù kóòtù nìkan. Àwọn tó ń ka ìwé mi gbọ́n. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ń rò ó pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ nínú ìwé kẹrin, dandan ni kí ẹnì kan rò ó bó ṣe wà lórí tábìlì mi gan-an, torí èmi ni mo gbin àmì sójú ọ̀nà fún wọn láti ìwé kìíní. Ká ní mo ka ti ẹni yẹn, kí ni mo fẹ́ ṣe? Tí mo bá fi ìparí mi sílẹ̀ bó ṣe wà, ó lè sùn lálẹ́ kó máa rò pé mo ja òun lólè. Tí mo bá yí i padà nítorí rẹ̀, mo ti ba ìwé jẹ́ fún gbogbo ẹni tó kù. Àti pé orí mi ò ní àpótí méjì. Ohun tí mo bá kà dáadáa máa ń wọ inú ohun tí mo rò, lẹ́yìn ọdún kan mi ò ní mọ èyí tí mo bí àti èyí tí mo gbà.

Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ò fẹ́ ẹ rárá. George R. R. Martin, tó kọ A Game of Thrones, ti sọ ọ́ léraléra pé òun ò fẹ́ kí wọ́n máa lo àwọn ẹ̀dá òun, ó fi wọ́n wé ọmọ òun, ó sì gbà pé ẹni tó bá fẹ́ di òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ dá ẹ̀dá tirẹ̀. Anne Rice, tó kọ Interview with the Vampire, náà kọ̀ ọ́ ní gbangba ní 2000, FanFiction.Net sì yọ àwọn ìtàn tó dá lórí ìwé rẹ̀ kúrò. Mo bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ inú wọn. Bí òǹkọ̀wé bá ní ó dun òun, ìrora náà kì í ṣe irọ́, ẹ jẹ́ ká fi ti ẹni náà sílẹ̀. Ibi tí mi ò bá wọn dé ni ibi tí wọ́n bá ti ní fanfiction kì í kọ́ni níṣẹ́. Naomi Novik, òǹkọ̀wé ìtàn abàmì, ti ń kọ ọ́ tipẹ́ kí ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ tó jáde ní 2006, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ tó ni AO3 sílẹ̀, ó sì lọ bá àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní 2014. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní ohun púpọ̀ láti kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ayé, ẹ̀dá, ìjíròrò, ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́. Bó bá yá ayé àti ẹ̀dá lọ́wọ́ mi, ó lè fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ́ ìjíròrò. Ó sì ní òǹkàwé láti ọjọ́ kìíní, àwọn tó mọ atukọ̀ náà tó lè sọ fún un pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, kò ní sọ̀rọ̀ báyìí." Èmi ò rí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wádìí ohun tí òǹkọ̀wé tí ẹ fẹ́ràn sọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ ọ́ síbi tó hàn. Ẹ má ṣe fi ìtàn ránṣẹ́ sí wa, ẹ má sì gbé e fún wa níbi tí a ti ń fọwọ́ sí ìwé. Ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè, kí ọmọdé má baà já sí ìtàn àgbàlagbà. Àwòrán tí ẹ yà àti aṣọ tí ẹ rán bíi ti ẹ̀dá ìtàn, ní tèmi, ẹ lè fi hàn mí. Àwòrán ojú atukọ̀ ò lè sọ ìparí ìwé mi fún mi.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí òǹkàwé mi, ó gùn ju lẹ́tà tirẹ̀ lọ. Mo ní kó gbé ojú ìwé 40 náà síbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti rí i, kó má yọ ìyá atukọ̀ náà kúrò nítorí mi, kó má sì sọ orúkọ tó fún un fún mi. Ìwé kẹrin ni yóò parí ìtàn ilẹ̀ náà. Nígbà tó bá jáde, tí mi ò ní ohunkóhun láti kọ nípa odò yẹn mọ́, ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kà.